Ọtí Eléèéfín Tí Wọ́n Fi Tọrọ Mi

Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ má rò pé obìnrin ni n ó tọ́ka sí. Ìgò ọtí kan ni. Kì í ṣe pé ọkọ mi jẹ́ ọ̀mùtí, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ife ẹmu kan ṣoṣo ti tó gbé e sùn. Ìgò kan yẹn tí wọ́n gbé wá sílé wa ní Ìlobù lọ́jọ́ ìdána mi, òun ló dá gbogbo nǹkan rú. Mo ti darúgbó báyìí, mo sì lè sọ ọ́ láìbínú. Irọ́ nìyẹn. Inú ṣì ń bí mi díẹ̀.

Ọdún kejì tí ìjọba gbé ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ni. Àwọn ọmọ pọ̀ ju tíṣà lọ, wọ́n sì ń kó àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Sítáńdáàdì Síìsì pé kí a wá máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní a, b, d. Ìfọ́n ni wọ́n rán mi lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ín ní gbogbo òwúrọ̀, bàtà mi á wà lọ́wọ́ kí eruku má baà bà á jẹ́, n ó wá wọ̀ ọ́ tó bá kù díẹ̀ kí n dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ọkùnrin kan, ará Ìfọ́n, a máa gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lódìkejì, ó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Òṣogbo. Èmi ń lọ, òun ń bọ̀. Oṣù mẹ́ta ló fi kí mi kí n tó dá a lóhùn ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Akọ̀wé ni, lọ́dọ̀ òyìnbó kan tó ń bójú tó títì ọkọ̀. Nígbà tí mo fi máa mọ̀, èmi gan-an ti ń wo ojú ọ̀nà bóyá kẹ̀kẹ́ ti ń bọ̀.

Ṣé ará Ìlobù kì í fẹ́ ará Ìfọ́n ni? Wọ́n ń fẹ́ ara wọn dáadáa. A jọ ń ná ọjà, a jọ ń ṣàna. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín ìlú méjèèjì kí wọ́n tó bí bàbá mi, bí inú bá sì ti bí àgbàlagbà kan, ọ̀rọ̀ ààlà oko kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí. Bàbá mi jẹ́ tíṣà, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ. Ìyá tó bí mi ti kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ìyá bàbá mi ló tọ́ mi. Ìyá mi àgbà yìí, Mùsùlùmí ni, kì í sì í ṣe Mùsùlùmí yẹpẹrẹ. Òun ni olórí àwọn obìnrin ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa, iborùn funfun rẹ̀ kì í kúrò lórí. Òun àti bàbá mi kò bá ara wọn jà rí nítorí ẹ̀sìn. Tí bàbá mi bá ra ọtí fún àlejò, ìyá mi àgbà á kàn ká ẹní rẹ̀, á gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ẹnì kẹta tí ẹ ní láti mọ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọmọ orogún ìyá mi àgbà, òun ni olórí ẹbí. Èèyàn rere ni, àmọ́ ó ní àrùn kan: kò sí ohun tí kì í kà sí àrokò. Nígbà èwe rẹ̀ ó máa ń jíṣẹ́ fún àwọn àgbà ìlú, àwọn iṣẹ́ tí wọn kì í fẹnu rán, tí wọ́n á so ìyẹ́ mọ́ owó ẹyọ, tí ẹni tí wọ́n rán an sí á sì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Iṣẹ́ yẹn kò tán lára rẹ̀. Bí ata bá pọ̀ nínú ọbẹ̀, á ní ẹni tó sè é ń bá òun wí. Bí o bá fún un ní ẹyin mẹ́ta tí ọ̀kan sì fọ́, ilé kò ní gba yín fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgò náà ńkọ́? Òyìnbó ọ̀gá ọkọ mi kì í ṣe ará Lọ́ńdọ̀nù. Ará Sikọ́tíláǹdì ni, láti erékùṣù kan tí ó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè gbé ewúrẹ́. Nígbà tó lọ lo ìsinmi nílé, ìgò méjì ló gbé bọ̀, ó sì fún akọ̀wé rẹ̀ ní ọ̀kan nígbà tó gbọ́ pé ó fẹ́ gbéyàwó. Ó ní kì í ṣe wisikí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù Òṣogbo, èyí tí wọ́n ti da oríṣiríṣi pọ̀. Ilé kan ṣoṣo ló pọn èyí, láti inú irú ọkà kan ṣoṣo, nítòsí ilé tí wọ́n ti bí òun. Ó ní ọmọdé ọtí ni, ọdún márùn-ún péré ló lò nínú àgbá, ìdí nìyẹn tó fi ṣì ń jà. Ọkọ mi kò tọ́ ọ wò. Kò tilẹ̀ ṣí i. Ó kàn rí i pé òyìnbó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún òun, ó sì gbà pé ohun iyì ni. Ó ní irú ohun báyìí, àna òun ló yẹ kó mu ún.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n wá, lẹ́yìn tí oòrùn ti rọ̀. Mo wà nínú yàrá pẹ̀lú ìyá mi àgbà, ó ń tún gèlè wé fún mi lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá mẹ́ta láti mọ́sáláṣí rẹ̀ wá bá a yọ̀, wọ́n jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń jẹ obì. Aṣọ ìkélé nìkan ló wà láàárín àwa àti pálọ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ tí a kò gbọ́.

Wọ́n ń gba ẹrù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wúre. Oyin dé, ayé wọn á dùn. Iyọ̀ dé, á ládùn. Orógbó, wọ́n á gbó. Obì, á bi ibi dànù. Ataare, wọ́n á bí púpọ̀. Gbogbo wa ń ṣe àmín, àti Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Ó wá kan ọtí. Bàbá ọkọ mi gbé ìgò òyìnbó náà síwájú, ó ní èyí kì í ṣe ti ọjà o, láti ìlú òyìnbó tààrà ni. Bàbá mi ṣí i.

Kí n má purọ́, àwa tó wà nínú yàrá pàápàá gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó gba abẹ́ aṣọ ìkélé wọlé wá bá wa. Ó ń rùn bí àjà ìdáná tí wọ́n ti yan ẹja lábẹ́ rẹ̀ fún ogún ọdún, tí ẹnìkan wá da áyódìn ilé ìwòsàn sí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ní, "Kí ló ń jóná?" Ìyá mi àgbà dáwọ́ gèlè dúró. Ó gbé imú sókè díẹ̀.

Ní pálọ̀, bàbá mi ti da ọtí náà sínú ife. Mo gbọ́ tẹ́nìkan ní, "Àwọ̀ rẹ̀ ò ki o." Òótọ́ ni. Nígbà tí mo padà rí i, àwọ̀ rẹ̀ kò ju omi tí èèyàn fi ṣan ìgò oyin lọ. Bàbá mi fi kan ẹnu, ikọ́ sì gbé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ife náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ láìmu.

"Ta ló ṣí ìgò yìí kó tó dé ibí?" ló béèrè.

Bàbá ọkọ mi ní ẹnikẹ́ni ò ṣí i, gbogbo wọn ló ṣáà rí i pé dídí ló wà kí wọ́n tó ṣí i.

"Orí àjà ta lẹ gbé e sí?"

"A ò gbé e sórí àjà kankan."

Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń ṣe. Ó ti ń ka àrokò. Ó wá ní, "Ó dáa. Oyin wí pé kó dùn. Iyọ̀ wí pé kó ládùn. Obì ti wí tirẹ̀, orógbó ti wí tirẹ̀. Ẹ̀yin àna wa, kí ni èéfín wí?"

Kí lèèyàn fẹ́ fi fèsì irú ìyẹn? Ọkọ mi, tí kò yẹ kó la ẹnu rárá lọ́jọ́ náà, dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun ṣàlàyé. Ó ní ibi tí ọtí yìí ti wá, igi ìdáná ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ilẹ̀ irà ni wọ́n máa ń gé bí búlọ́ọ̀kù, wọ́n á sá a, tó bá gbẹ wọ́n á fi dáná. Orí iná yẹn ni wọ́n ti yan ọkà tí wọ́n fi pọn ọtí náà, èéfín rẹ̀ lẹ ń gbọ́ yẹn.

"Ilẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ilẹ̀ ni wọ́n ń sun."

Háà! Mo fọwọ́ bojú. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, ilẹ̀ ni ọmọ Ìfọ́n yàn láti sọ ní pálọ̀ Ìlobù, ó tún wá ní wọ́n ń sun ún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dìde. Kò pariwo; ì bá sàn kó pariwo. Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n rán ti yé òun wàyí. Ó ní kí wọ́n kó ẹrù wọn, kí wọ́n tètè máa lọ, òun ò ní fa ọmọ òun fún ẹni tó fi èéfín ránṣẹ́ sí òun. Mo gbọ́ tí bàbá mi ń wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀," ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré. Àbúrò kì í bá olórí ẹbí jiyàn lójú àna. Mo wá gbọ́ tí wọ́n ń kó abọ́ padà sínú apẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹrù ìdána tó bá ti padà jáde kì í wọlé mọ́, torí àwọn ará Ìfọ́n náà ní ojú tó ń tì wọ́n. Gbogbo òwúrọ̀ tí mo fi ń rìn lójú ọ̀nà yẹn, gbogbo rẹ̀ ń lọ lójú mi, nítorí ọtí tí n kò rí. Mo di ìyá mi àgbà lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Ìyá, ẹ gbà mí o," ẹkún sì gbọ̀n mí.

Ó wò mí. Ó wá wo àwọn ìyá mẹ́ta tó wà lórí ẹní, ó sì pẹ́ tó fi wò wọ́n. Ó tún iborùn rẹ̀ ṣe, ó ká aṣọ ìkélé, ó jáde.

Ìyàwó kì í yọjú lọ́jọ́ ìdána kí wọ́n tó pè é. Mo mọ̀. Mo yọjú.

Ìyá mi àgbà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú ìgò náà, ó la ọwọ́, ó ní kí wọ́n da díẹ̀ sí i.

Bàbá mi ní, "Ìyá, ọtí ni o."

"Mo ti gbọ́ pé ọtí ni. Dà á."

Bàbá mi dà á sí i ní àtẹ́lẹwọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ra á, ó gbé e símú, ó dúró, ó tún gbé e símú. Ó wá bi ọkọ mi, tó ṣì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀: "Ìwọ ọmọ yìí, ọkà tí wọ́n fi ṣe é, ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kó hù ná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ọ̀gá mi ní wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ títí á fi hù."

"Oòrùn ńkọ́?"

"Oòrùn ò pọ̀ níbẹ̀, Ìyá. Òjò ni ṣáá."

Ìyá mi àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí wọ́n bu díẹ̀ sínú ife fún òun. Àwọn ìyá mọ́sáláṣí ti dìde, wọ́n ti wà lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ èémí wọn lọ́rùn mi. Ó mu ún sẹ́nu, ó pa ojú dé, ó fi yọ́ ẹnu káàkiri. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó wá fa abọ́ kan mọ́ra, ó tu ú sí i.

"Kì í ṣe orí àjà tí wọ́n gbé ìgò sí ni èéfín yìí ti wá," ló wí. "Èyí tó bá ti orí àjà wá, ẹnu ló ń mọ, kì í bá ọtí dé ọ̀fun. Inú ọkà ni èyí wà. Ọtí òjò ni." Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi. "Ìwọ, o ti mu irú rẹ̀ rí."

"Èmi kẹ̀, Ìyá?"

"Ìwọ ni. Ta ló ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nílé yìí nígbà tí ẹ wà ní kékeré?"

Èmi ò mọ̀. Bàbá mi tẹjú mọ́lẹ̀, mo sì rí i pé òun mọ̀. Ìyá mi àgbà kò dúró de ẹni tí yóò dáhùn. Ó ní òun ni. Ó ní kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í kírun, ọtí àgbàdo ni òun ń pọn tà, láti Ìlobù títí dé Ẹ̀rìn ni wọ́n ti ń wá rà á, owó rẹ̀ ni òun fi rán tíṣà yìí nílé-ìwé. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn ni òun ń sá àgbàdo tó ti hù sí, ọtí rẹ̀ á sì dùn. Àmọ́ tí òjò bá ń rọ̀ tí kò dá, orí àjà ìdáná ni òun ń kó o sí kó lè gbẹ. Èéfín á wọ inú rẹ̀ ṣinṣin, ọtí náà á máa rùn bí ẹja yíyan.

"Àwọn kan kì í rà á," ló wí. "Àwọn kan sì wà, ọtí òjò yẹn gan-an ni wọ́n ń dúró dè látọdúnmọ́dún. Ìwọ wà lára wọn. Ẹ̀yìn ilé lo ti máa ń jí i mu, o rò pé n ò mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé ife tó ti gbé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó mu díẹ̀, ó wúkọ́, ó dúró. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀ bí ojú ẹni tí wọ́n fi orúkọ ìgbà èwe pè.

"Áà," ló wí. "Áà, Ìyá. Ọtí ẹ̀yìn ilé." Ó tún mu ún.

"Kò sí àrokò kankan níbẹ̀. Òjò ló rọ̀ fún wọn. Ẹ sọ ẹrù ọmọ mi kalẹ̀."

Ṣé olórí ẹbí á gbà lójú àna pé òun ṣì í? Kò jẹ́ gbà! Ó ní òun ti mọ̀ látilẹ̀, òun kàn fẹ́ wo bí sùúrù ọkọ ìyàwó ṣe tó ni. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, àwọn ará Ìfọ́n ló sì rín in jù, torí àwọn lẹ̀rù ti bà jù. Ó wá fi ọtí náà wúre: ó ní ilé tí èéfín ti ń rú, oúnjẹ wà níbẹ̀, ààrò wa kò ní tutù láyé. Ẹ ò rí i? Ó ṣì ń ka àrokò náà, ó kàn kà á sí ire ni.

Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá mẹ́ta ni mo ń wò. Wọ́n ti ń mú gèlè àti iborùn wọn. Èyí tó dàgbà jù rọra sọ fún èkejì pé, "Ọlọ́tí ni ìyá wa tẹ́lẹ̀." Kò fi ìkà sọ ọ́, ó kàn sọ ọ́ ni. Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ìyá mi àgbà béèrè búta, ó yọ́ ẹnu, ó ṣe àlùwàlá, ó lọ kírun. Nígbà tí ó lọ sí mọ́sáláṣí ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ẹlòmíràn ló ń darí àwọn obìnrin. Kò sẹ́ni tó lé e. Wọn ò kàn pè é sípàdé mọ́.

Wọ́n fún wa ní ìyókù ìgò náà lẹ́yìn ìgbéyàwó, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ àfi ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ìyàwó rẹ̀ sì ní irú òórùn bẹ́ẹ̀ ò ní wọ yàrá òun. Mo tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kan, kí n lè mọ ohun tó fẹ́ bà mí láyé jẹ́. Ó kọ́kọ́ ta bí ata, torí ọmọdé ni, kò tíì kọ́ ìwà. Èéfín ló tẹ̀ lé e, èéfín tó nípọn, àti iyọ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ tu ú dànù. Ìgbà tí mo gbé e mì tán ni nǹkan mìíràn wá yọ lọ́nà ọ̀fun mi, adùn kékeré kan, adùn àgbàdo sísun gẹ́lẹ́, ó sì pẹ́ kó tó lọ. Ọkọ mi ní bí ọ̀gá òun ṣe wí náà nìyẹn: ẹni tí kò bá gbé e mì kò tíì mọ̀ ọ́n. Mo ní òyìnbó yẹn ò ṣe sọ ọ́ kó tó fún ọ?

Ìyá mi àgbà lo ọdún mẹ́sàn-án sí i láyé. Láti ọ̀sẹ̀ ìdána mi ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààwẹ̀ ní gbogbo Àtìní àti Àlàmísì, ìyẹn ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, kò sì jáwọ́ títí tó fi kú. Ààwẹ̀ yẹn ló dá àwọn ìyá mọ́sáláṣí padà sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó yá. Wọ́n ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Ààfáà tó wàásù níbi ìsìnkú rẹ̀ mẹ́nu bà á, gbogbo èrò sì ṣe àmín. Èmi nìkan ló mọ ohun tí ààwẹ̀ náà wà fún, torí mo ti bi í.

Oyún àkọ́bí mi ni mo gbé lọ kí i nígbà yẹn, Àlàmísì kan ni. Mo se ọ̀lẹ̀lẹ̀ lọ fún un, ó ní kí n gbé e sápá kan, òun ń gba ààwẹ̀. Ó ti rù. Inú bí mi díẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ kì í ṣe ọmọdé mọ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ ń fìyà jẹ ara yín tó báyìí? Ẹ ṣáà tu ọtí yẹn dànù, gbogbo wa la rí i."

Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan wà nítòsí. "Mo tu díẹ̀," ló wí. "Èéfín tó wọ ìgò lórí àjà àti èéfín inú ọkà, bákan náà ni wọ́n ń rí lẹ́nu. Ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n ti ń yàtọ̀. Mo bá gbé e mì."

Mo kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn mi, ó fi síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ṣé ọkọ rẹ ń tọ́jú rẹ dáadáa?"

"Ó ń tọ́jú mi, Ìyá."

"Kó máa tọ́jú rẹ dáadáa o," ló wí. "Ebi ń pa mí."